Ibi Tí Mo Dákẹ́ Sí Nínú Ìwé Ààfáà

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Mísìsì Bírò Pupa. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọmọ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà, ó ju ìwé ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ni mo dà sórí ìwé ọmọ òun ni àbí kí ni. Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ò jókòó. Mo ní ó dáa, kó dúró, ṣùgbọ́n mi ò ní pa èkísì kan ṣoṣo rẹ́ níbẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ kò bá mọ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Inú bí i, ó gbé ìwé rẹ̀, ó lọ. Kó máa lọ. Kò mọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ èkísì.

Ọ̀rọ̀ Ààfáà Abdulmumini ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá gbé àdúgbò Pàkátà nílùú Ìlọrin láyé ìgbà yẹn, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí, tó ń gun kẹ̀kẹ́ Ráléè, tí fìlà funfun rẹ̀ kì í dọ̀tí, tó máa ń kí ọmọdé kí ọmọdé tó rántí kí i. Òun ló kọ́ mi ní kéwú. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún títí mo fi pé méjìlá, iwájú rẹ̀ ni mo ń jókòó sí lórí ẹní, tèmi ti wàláà, pátákó kéwú mi, lórí itan. Ó nà mí, kì í ṣe kékeré. Àmọ́ bí mo bá ń ké lọ sílé, òun náà ló máa ń rán ìyàwó rẹ̀ pé kó fún mi ní gúgúrú.

Ẹ jẹ́ n sọ bí Ààfáà ṣe ń gbọ́ kéwú wa. Ọmọ á máa ka wàláà rẹ̀ lọ, Ààfáà á dijú, á máa ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bó o bá ń kà á bó ṣe yẹ, kò ní sọ nǹkan kan. Kò ní sọ pé o káre, kò ní mi orí. Ìgbà tó o bá ṣì í ló máa ń fọhùn: "Hẹ̀n-ẹ́n!" Pàṣán á sì tẹ̀lé e. Bó o bá kà á dé ìparí tí Ààfáà ò fọhùn, o ti yege nìyẹn, gbéra ńlẹ̀, lọ fọ wàláà rẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ilé-kéwú tó yí wa ká nìyẹn, ìdákẹ́ Ààfáà ni máàkì rẹ. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé mi ò mọ èyí. Ọdún méje ni mo fi jókòó níbẹ̀.

Iṣẹ́ ilé-kéwú yìí, ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe é. Láàárọ̀, tíṣà Lárúbáwá ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé ibi pé bí ìsinmi bá ti gùn jù, á máa rojọ́ pé ilé ń sú òun. Nígbà tó wá di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, nígbà tí ọyẹ́ ń mú gan-an, lẹ́tà dé. Wọ́n ní tíṣà tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí Gireedi Túù kò lè wà nílé-ìwé náà mọ́. Gbogbo iṣẹ́ yòókù nínú ìdánwò yẹn ni Ààfáà ti ní tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù.

Hẹdimásítà wọn, ọmọ Ọ̀mù-Àrán kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, pè é sí ọ́fíìsì, ó là á yé e. Ó ní, "Ààfáà, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yìí ní oṣù kẹfà. Tí ẹ bá yege, ẹ ti dúró digbí. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò tíì tó o, ẹ kọ lẹ́tà, èmi fúnra mi á bá yín fi ọwọ́ sí i, wọn á fún yín ní ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí i lọ́dún yìí tó sì kùnà, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́ o. Ó parí nìyẹn." Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó rò ó dáadáa. Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.

Bí Ààfáà ṣe wá sílé wa nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà, mo sì ti ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé girama. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ẹnu mi mú, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Lẹ́yìn ìrun àlàsárì lọ́jọ́ náà, mo rí Ààfáà tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó kí ìyá mi, ó kí ilé, ó kí ọjà, ó kí àwọn tó ti kú, kó tó wá ní:

"Hajara, wá kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì."

Ìyá mi pariwo. "Hajara kẹ̀? Ẹ̀yin, Ààfáà? Sùbúhánà-Lọ́ọ̀hi! Hajara tí ẹ fi kéwú sí lẹ́nu?"

Ààfáà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìmọ̀ ò mọ àgbà, ìyá Hajara. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń kọ́ni. Iṣẹ́ tíṣà yìí nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa jẹ́?"

Àtàláátà àti Àlàmísì la mú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa la ti ń ṣe é, ìyá mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ọmọge ni mí, ọkùnrin sì ni Ààfáà, ẹnu ayé ò sì ní bodè. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ibi tí màá jókòó sí. Ààfáà ti jókòó sórí ẹní, mi ò lè wá jókòó sórí àga kí n máa wò ó látòkè. Ni tíṣà bá kúnlẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ nǹkan sí pátákó, orúnkún mi bó. Ta ni mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Kì í ṣe pé Ààfáà ya olódo o. Ọpọlọ rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Àmọ́ Lárúbáwá ti kó sí i lórí, ó sì ń gba ibẹ̀ wo Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Lárúbáwá, wọn kì í ní "is", ọmọkùnrin náà ga, ó tán. Nítorí náà Ààfáà á kọ "The boy tall." Mo bi í pé "is" dà. Ó ní kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀, ṣé ọmọ náà ò tíì ga tó ni? Nínú Lárúbáwá náà, "wa" ni wọ́n fi ń so gbolóhùn pọ̀, ó sì dùn ún gbọ́ létí wọn bẹ́ẹ̀. Ààfáà á bẹ̀rẹ̀ ní "And the boy went to farm and he saw a snake and he ran and his father asked him and he said," ó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kò ní fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sí i. Lẹ́tà ńlá nìyẹn, kò tilẹ̀ yé e rárá. Ó ní kí ló dé tí lẹ́tà kan á máa ṣe bí ọba láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmì kékeré tó ń jókòó sókè nínú "it's", hámúsà ló ń pè é, àmì Lárúbáwá kan tó jọ ọ́. Kọ́mà, ó máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀, bí tàwọn Lárúbáwá. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ ibi tí gbogbo àwa Yorùbá ti ń ṣubú, kò ṣubú níbẹ̀. Àwa ní "ó" fún ọkùnrin, a ní "ó" fún obìnrin, nítorí náà ọmọ Yorùbá á máa pe ìyá rẹ̀ ní "he". Ààfáà ò ṣi èyí kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí Lárúbáwá máa ń ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Èyí ló jẹ́ kí n rò pé bó pẹ́ bó yá, yóò mọ èyí tó kù. Èyí tó kù sì pọ̀: "their" àti "there", "lose" àti "loose", "than" àti "then". Bó bá gbọ́ ọ, ọ̀kan náà ni létí rẹ̀. Ẹni tó ń fi etí kọ́ ìmọ̀ látìgbà èwe, báwo ló ṣe fẹ́ fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín oṣù mélòó kan? Ó gba àkókò ni. Àkókò ló yẹ kí n bá a tọrọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máàkì ìwé rẹ̀ bí mo ṣe ń máàkì tàwọn ọmọ ilé-ìwé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Mo fi bírò pupa fa èkísì sí mẹ́rin. Ìyá mi gbé omi wá fún Ààfáà, ojú rẹ̀ bọ́ sí i. Ìgbà tí Ààfáà lọ tán ló fà mí wọ yàrá.

"Hajara, ṣé orí rẹ pé? Ìwé Ààfáà lo fi yíǹkì pupa kùn báun? Ìwọ ọmọ àná! Ẹni tó kọ́ ọ ní Fátíhà lo wá ń fa èkísì lé lórí? Bí jàmáà bá rí i ńkọ́? Wọn á ní Talatu ò kọ́ ọmọ rẹ̀."

Talatu ni orúkọ ìyá mi. Mo gbé bírò pupa náà pa mọ́. Mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ń di ẹ̀bi náà rù ú o. Ohun tó sọ yẹn, inú mi náà ló wà. Ó kàn bá mi sọ ọ́ síta ni.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n òmùgọ̀. Èyí tí Ààfáà bá gbà, màá fi tíìkì sí i. Èyí tó bá ṣì, mi ò ní fi nǹkan kan sí i rárá, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní yóò rí i pé àwọn kan ò ní tíìkì, yóò bi mí, màá sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un. Kò bi mí. Mo dúró títí, kò bi mí. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ti yé e ni, pé ó ń lọ tún un ṣe nílé. Bí mo bá ṣì fẹ́ là á mọ́lẹ̀, àpọ́nlé á bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: "Èyí dáa o, Ààfáà, ó dáa gan-an ni, àfi bóyá tí ẹ bá tún wò ó báyìí..." Á ní, "Àlùbáríkà, Hajara." A kọjá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù kẹta parí, mo fún un ní ìdánwò ogún ìbéèrè láti mọ ibi tá a dé. Ó jókòó ṣe é tọkàntọkàn, òógùn bò ó. Mo gbé e wọ yàrá, mo máàkì í. Méje ló gbà. Mo tún un kà. Méje. Mo fi tíìkì méje sí i, mo fi mẹ́tàlá sílẹ̀, mi ò kọ iye máàkì sísàlẹ̀, nítorí ojú ń tì mí láti kọ "méje" sí ìwé Ààfáà. Mo dá a padà fún un lọ́jọ́ kejì. Mo ní lọ́kàn mi pé bó bá rí i pé tíìkì ò ju méje lọ, òun fúnra rẹ̀ á lọ kọ lẹ́tà ọdún kan.

Ọ̀túnla rẹ̀ ló dé, òun àti Ummu-Kulthum ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbé igbá wàràǹkáṣì ńlá kan lérí, ó ní tíṣà ni òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú Ààfáà ń dán. Ó jókòó, ó ní:

"Hajara, hẹdimásítà fẹ́ gbọ́ èsì lọ́la. Mo ti wo ìwé yẹn látòkè délẹ̀ lẹ́yìn àsùbá. O ò fọhùn níbì kankan."

Mo ní, "Ẹn-ẹ́n, Ààfáà?"

"O ò fọhùn. Àwọn tó dùn mọ́ ọ nínú lo sàmì sí. Àwọn yòókù, o jẹ́ kí n kọjá. Bẹ́ẹ̀ lo ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, mo ń wò ọ́. Mo sọ fún Ummu-Kulthum pé, ọmọ yìí, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń kọ́ mi."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ogún nínú ogún! Mo ti ń sọ fún àwọn ará ilé wa."

Ìyá mi ní, "Àlùhámúdùlílàí!"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Gbogbo ibi tí mo ti fi ìtìjú dákẹ́, ó kà á sí pé ó yege níbẹ̀ ni. Ilé-kéwú tirẹ̀ tó ti kọ́ mi ló fi kà mí. Kò sì ṣìnà. Èmi tí mo dàgbà sórí ẹní yẹn ni mo gbàgbé ohun tí ìdákẹ́ ń jẹ́ láàárín èmi àti ọkùnrin náà.

Ó ní, "Ṣé kí n jókòó sí i lóṣù kẹfà, àbí kí n tọrọ ọdún kan? Ìwọ ni tíṣà. Ohun tó o bá sọ ni màá ṣe."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan péré ni. "Ẹ tọrọ ọdún kan, Ààfáà." Ó tán. Mi ò tilẹ̀ nílò kí n dárúkọ méje. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wò mí, ìyá mi ń wò mí, igbá wàràǹkáṣì wà nílẹ̀, ojú Ààfáà sì ń dán bí ojú ọmọdé lọ́jọ́ iléyá. Mo ní lọ́kàn mi pé oṣù méjì àti ààbọ̀ ṣì wà, màá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, màá kọ́ ọ lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ẹ jókòó sí i, Ààfáà. Ìnṣà Àlláhù, ẹ ó yege."

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe àmín.

Oṣù méjì àti ààbọ̀ wo? Ààwẹ̀ dé ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, Ààfáà sì ni ó ń ṣe tàfúsírì ní mọ́ṣáláṣí wa lójoojúmọ́, láti àlàsárì títí di ìṣínu. Nígbà tí a jáwẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló wá. Kò ní ìdí tó fi yẹ kó máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ogún nínú ogún ló ní. Ó tilẹ̀ ń fi Àtàláátà rẹ̀ kọ́ àwọn tíṣà Lárúbáwá méjì mìíràn, ó ní kí àwọn náà lè rí i ṣe. Mo ní, "Ààfáà, ẹ jẹ́ ká tún wo 'their' àti 'there' wò." Ó ní, "Ìyẹn tá a ti kọjá?" Mo ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ó ṣe ìdánwò náà. Èsì jáde ní oṣù kẹjọ. Kò yege.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ wọlé, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ààfáà ní kó má sunkún mọ́, kádàrá ni. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Hajara, má ṣe jẹ́ kó dùn ọ́ o. Ìwọ ṣe tìrẹ. Orí tèmi ló ti gbó." Bó ṣe ń sọ ọ́ káàkiri Pàkátà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í, á ní, tíṣà òun ò lẹ́gbẹ́, orí òun ni kò gbà á. Mo sì jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Mo pàdé hẹdimásítà yẹn ní Táíwò Road lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ Ààfáà. Kò bínú, ìbá mà sàn kó bínú. Ó ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, máàkì mélòó ló ń gbà lọ́dọ̀ yín? Torí mo bẹ ọkùnrin yẹn títí kó gba ọdún kan, ó ní tíṣà òun ti ní òun tó o." Mo ní, "Wọ́n ń gbìyànjú, sà." Mo gbàgbé ṣọ́ọ̀kì tí mo sanwó rẹ̀ sórí káńtà, mo sá lọ.

Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, Ààfáà ti fi ìlú sílẹ̀. Ó kó lọ sí abúlé àwọn àna rẹ̀ lọ́nà Malete, ó lọ ń dá oko. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Wọ́n ní àgbàdo àti ọkà bàbà ló ń gbìn. Ilé-kéwú rẹ̀ ní Pàkátà, ẹlòmíràn ló gbà á.

Ọdún méje kọjá. Mo fẹ́ ọkọ, mo bímọ, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo sì ń fa èkísì bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ìyá mi kú ní 1997. Lọ́jọ́ fídáù, mo kàn rí Ààfáà tó wọlé, ó ti gbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, eruku ọ̀nà wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ṣe àdúà fún ìyá mi, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó fi mí han àwọn ààfáà kékeré tó jókòó síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí ọmọ yìí, tíṣà mi ni. Ó kọ́ mi dáadáa." Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹkún tí mo sun níbẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ìyá mi ni mo ń sun ún fún.

Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ wọn ò sọ fún wa pé àbámọ̀ ń dàgbà, pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ló ń sanra. Nígbà tí ogójì ọjọ́ ìyá mi pé, mo wọ bọ́ọ̀sì Malete láàárọ̀ kùtù. Mo ti ṣe ìpinnu pé màá jẹ́wọ́, ohun tó bá fẹ́ fi mí ṣe, kó fi mí ṣe.

Abẹ́ igi ẹ̀mí kan, igi òrí, ni wọ́n ní kí n lọ wò. Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé, wọ́n ń ké nǹkan papọ̀, wọ́n ń fà á bíi kéwú. Mo rò pé kéwú ni. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo gbọ́ ọ: "The boy tall! And the farmer loose his goat!" Àwọn ọmọ bíi méjìlá ló jókòó sórí ẹní. Pátákó kan wà ní ara igi, ọwọ́ Ààfáà tó rẹwà yẹn ni wọ́n fi kọ ọ́ kún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kà á. Ogún gbolóhùn ni. Mo mọ̀ wọ́n, ìdánwò tí mo fún un lọ́jọ́sí ni. Àwọn mẹ́tàlá tí mo fi sílẹ̀ láìfọhùn, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ó há wọn sórí pátápátá, kọ́mà rẹ̀ sì dojú délẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní kí àwọn ọmọ dìde kí tíṣà òun. Ó ní kò sí ilé-ìwé nítòsí wọn, kí àwọn ọmọ náà má baà wá jìyà tó jẹ òun, ni òun ṣe ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ìdánwò wọn yẹn ni mo kùnà. Àwọn gbolóhùn wọ̀nyí, ìwọ fúnra rẹ lo gbà wọ́n wọlé."

Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, "Ààfáà, ẹ foríjì mí. Mi ò gbà wọ́n wọlé. Ojú ń tì mí ni. Ibi tí mi ò ti fọhùn, ibẹ̀ lẹ ti ṣì í." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìyá mi, ti bírò pupa, ti ọjọ́ tí wọ́n gbé wàràǹkáṣì wá.

Ó ní, "Nínú ogún, mélòó ni mo gbà gan-an?"

"Méje, Ààfáà."

"Méje," ló wí. Ó yíjú wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá dìde, ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí mo ti ń kọ́ yín láti ọjọ́ yìí, mo ṣì í. Èmi Ààfáà yín, mo ṣì í. Tíṣà mi ti dé, ó fẹ́ tún un ṣe." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Kò tì í lójú rárá. Àpọ́nlé tí mo rò pé mo fi ń bò ó láṣìírí, kò béèrè fún un lọ́wọ́ mi rí.

Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Ó ní, "Fa èkísì sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bí mo bá fa ọ̀kan, á ní, "Èyí náà?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ààfáà." Á béèrè ìdí rẹ̀, màá sọ fún un, á tún un sọ fún àwọn ọmọ, wọ́n á sì ké e. Kò ju wákàtí méjì lọ tí a fi dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì mọ̀. Mo dá a wò, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣi ọ̀kan.

Àwọn ọmọ lọ jẹun. Ààfáà jókòó ti igi náà, ó ń gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, kò sì wo ojú mi.

Ó ní, "Odidi ọdún kan ni hẹdimásítà fẹ́ fún mi, Hajara."